Wàhálà ilé rírà ní Kòsọ́fẹ́: Àwọn tó rà á lọ́wọ́ onílẹ̀ rí katakata, àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ìjọba rí ọlọ́pàá!

Ọdún Kérésì ku ọjọ́ mẹ́rin péré lọ́dún 2021 nígbà tí ariwo ta ní Magodo Phase 2, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, l'Ékòó. Àsìkò tí kálukú ń ronú adìẹ àti àpò ìrẹsì ni, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá tó dìhámọ́ra ló ya wọ àdúgbò lọ́jọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejìlá. Àwọn èèyàn kan tẹ̀ lé wọn, wọ́n gbé ọ̀dà dání. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀dà náà kọ sára ògiri àwọn ilé ńláńlá ni nọ́ńbà ẹjọ́ kan, ID/795/88, pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà, pé kọ́ọ̀tù ló ní káwọn gba ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo 88 tó kẹ́yìn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ọdún 1988 ló ń tọ́ka sí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ẹjọ́ ọ̀hún wọ kọ́ọ̀tù ti di ẹni ọdún 33 lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri, òun náà á sì ti máa wá ilé tó máa rà.

Magodo kì í ṣe àdúgbò mẹ̀kúnnù, gbogbo Èkó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó nílẹ̀ níbẹ̀ kò rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń mu páràgà lábẹ́ igi. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló pín ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní C of O tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí bí ẹni fi wúrà pamọ́. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ẹni tó ń dá owó jọ láti ra ilé ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní Mile 12 nìyẹn. Bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ìjọba bá lè jí kó bá ọ̀dà lára ògiri, kí ni kí ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ ò ju rìsíìtì kan ṣoṣo lọ wá wí?

Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fúnra rẹ̀ gba Magodo lọ. Ó ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá tó kó àwọn yòókù síbẹ̀ kó wọn kúrò. Ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn kò ṣe ìbàjẹ́ o, ó kan sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, pé àṣẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti ti mínísítà ètò ìdájọ́ ní Àbújá lòun ń jẹ́, òun ò sì lè kúrò àfi bí wọ́n bá pe òun láti òkè. Gómìnà ìpínlẹ̀! Lójú kámẹ́rà! Kò pẹ́ tí fídíò náà fi tàn ká gbogbo orí fóònù. Àwọn gómìnà ìhà gúúsù, tí Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ alága wọn nígbà náà, fárígá pé ìwọ̀sí gbáà ni. Lọ́jọ́ kejì, gómìnà pe àwọn tó ń gbé Magodo àtàwọn tí kọ́ọ̀tù dá láre jókòó ìpàdé, lẹ́yìn ìyẹn làwọn ọlọ́pàá tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wo fídíò yẹn, ìjà gómìnà àti ọlọ́pàá ni wọ́n rí. Wọn ò béèrè pé ta lẹni tó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sára ògiri, kí ló sì ṣe é. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Shangisha ni orúkọ abúlé tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ra ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ onílé tiwọn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 1984 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1985, nígbà ìjọba ológun tí Gbolahan Mudashiru jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba kó katakata wọ ibẹ̀, wọ́n sì wó ilé wọn palẹ̀. Ẹjọ́ tí ìjọba rò ni pé ilẹ̀ ìjọba ni, pé àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti rí ilé tó ń wó rí, tí iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tó fi ọdún mẹ́wàá kó jọ di ìdọ̀tí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò nílò kí wọ́n ṣe àlàyé púpọ̀ fún un.

Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn kò sọ pé àwọn fẹ́ gba gbogbo Magodo. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ìjọba bá fẹ́ tún ilẹ̀ náà gé, tó fẹ́ pín in, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ fún kó tó fún ẹlòmíì. Ẹgbẹ́ wọn, tí Olóyè Adebayo Adeyiga wà lára àwọn tó síwájú rẹ̀, gba kọ́ọ̀tù lọ ní 1988. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1993, ilé ẹjọ́ gíga tó wà n'Íkẹjà dá wọn láre, ó ní kí ìjọba fún wọn ní pulọ́ọ̀tì 549 ní Shangisha. Ìjọba pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n pàdánù níbẹ̀ ní 2001. Wọ́n tún gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá lọ, wọ́n tún pàdánù lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2012. Ọdún 24 láti ìgbà tí wọ́n ti pẹjọ́! Ní gbogbo àsìkò tí lọ́yà ń rojọ́ yìí, wọ́n ń pín ilẹ̀ náà lọ, wọ́n ń kọ́lé sórí ẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ sì ń tà á fún ẹlòmíì. Nígbà tí ìdájọ́ fi parí, pulọ́ọ̀tì tó ṣófo tí wọ́n lè nawọ́ sí pé ẹ máa mú un dà?

Ìdí nìyẹn tí àwọn tí kọ́ọ̀tù dá láre fi gbé ọ̀dà lọ. Ẹni tó ra ilé ní Magodo lọ́dún 2005 kò jalè, ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ ní 1984 náà kò jalè. Àwọn méjèèjì ló sanwó, àwọn méjèèjì ló ní ìwé. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni ìtàn ilẹ̀ náà: ta ló ti gbà á rí, ta ló ń bá ta ni ṣẹjọ́ lé e lórí.

Àwọn kan máa ń fi orúkọ Kòsọ́fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ "kò sí ọ̀fẹ́". Ká sòótọ́, kò sí. Àmọ́ owó kọ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà níbẹ̀, àìbéèrè ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo gbé òfin ilẹ̀ jáde, ó ní gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kan, ọwọ́ gómìnà ló wà, kó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ìdílé tó bá ta ilẹ̀ fún èèyàn, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni wọ́n tà fún un, gómìnà sì lè gba ẹ̀tọ́ yẹn bó bá ní iṣẹ́ ìlú lòun fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Ibi tó ń dun èèyàn jù ni pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé àti irúgbìn tó wà lórí ẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n ṣírò owó ẹ̀ fún onílé. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Àfi owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn tónílẹ̀ bá ti san fún ìjọba. Ká ní èèyàn ra pulọ́ọ̀tì olówó gọbọi, tí kò tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e, ó ti wọgbó nìyẹn.

Bí ìjọba bá sì ti gba ilẹ̀ kan sílẹ̀ tipẹ́, tí ìdílé wá ń tà á, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà. Nígbà míì ìjọba máa ń yọ apá kan nínú ohun tó gbà, á dá a padà fún ìdílé tó ni ín, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wá máa ń mú gásẹ́ẹ̀tì abúlé kan lọ ta ilẹ̀ abúlé kejì. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, á rí òǹtẹ̀ ìjọba, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Aláúsá kò jìnnà sí Kétu. Kéèyàn mú súfèyọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí onílẹ̀ bá mú wá, kó lọ wọn ilẹ̀ náà, kó sì mú ohun tó wọ̀n lọ sí ọ́fíìsì súfèyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti gbé e lé máàpù ìjọba, tí wọ́n á sì rí i bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà á lọ sí ibi tí wọ́n ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, á wo orúkọ ẹni tó wà lórí ẹ̀ àti bóyá wọ́n ti fi dúró ní báǹkì. Ó tún yẹ kó béèrè ní kọ́ọ̀tù bóyá ẹjọ́ kankan wà lórí ẹ̀, nítorí pé ohun tó kó bá Magodo kò sí lára C of O ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí àjẹ́ǹtì máa ń wí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹlòmíì ti ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́la o, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ti ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì yàtọ̀. Lórílẹ̀-èdè Holland, kódà ní abúlé, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ́ ilé mọ́ ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ògiri tèmi jẹ́ ògiri tìẹ, ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà kì í fowó lé ara wọn lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé òfin kan tí wọ́n ń pè ní notaris ló ń dúró láàárín wọn. Òun ló ń lọ wo ìwé ilẹ̀ ní Kadaster, ọ́fíìsì tó ti ń kọ ẹni tó ni ilẹ̀ sílẹ̀ láti 1832, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni owó ń wà títí ìwé á fi yí orúkọ padà. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ ra ilé láti gbé ibẹ̀ ṣì ní ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, tó lè fi yí ọkàn padà láìsan nǹkan kan. Kò sí pé baálẹ̀ ń gba ọtí, kò sí pé ìdílé kejì yọ láti ẹ̀yìn igbó. Ní tiwa, ìwé wà l'Aláúsá, ọ́fíìsì wà l'Aláúsá, àmọ́ owó ti kọ́kọ́ lọ kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ti ra ilé tán máa ń pa tì. Òfin 1978 yẹn ní bí ẹni tó ni C of O bá fẹ́ tà á fún ẹlòmíì, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Owó kékeré kọ́ nìyẹn ń gbà, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sọ pé àwọn á ṣe é bó bá yá. Lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ báǹkì Savannah àti Ọ̀gbẹ́ni Ajilo. Wọ́n ti fi ilé dúró fún owó tí wọ́n yá ní báǹkì náà. Nígbà tí báǹkì fẹ́ ta ilé ọ̀hún, wọ́n ní gómìnà kò fọwọ́ sí ìwé tí àwọn jọ ṣe. Kọ́ọ̀tù ní òótọ́ ni, ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Báǹkì tó ní lọ́yà tó pọ̀ bí esú nìyẹn o!

Ọ̀rọ̀ Mile 12 tún ní tiẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó ní 2008, tí wọ́n sì nà án dé Ìkòròdú ní 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn lójú mìíràn. Ilé ń bẹ níbẹ̀ tí owó ẹ̀ kò ga tó ti Ìkòsì, tó sì rẹwà lójú. Ohun tí ẹni tó ń tà á kò ní í sọ ni ti odò Ògùn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn fi ń wọlé tí wọ́n fi ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ rà níbẹ̀, kó má lọ wò ó lóṣù Kìn-ín-ní nígbà ọyẹ́. Kó lọ lóṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá. Bó bá rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, tí wọ́n fi òkè sílẹ̀, kó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé. Ìyá yẹn kì í gba kọmíṣọ̀n.

Ní Kétu àti Ìkòsì, ilẹ̀ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń tà ni ilé àtijọ́, ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ tí bàbá kan kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí bàbá ti kú, táwọn ọmọ ń tà á. Ẹni tó rà á máa wó o, á sì kọ́ tẹ́rẹ́ẹ̀sì ìgbàlódé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé bàbá yìí gan-an ló léwu jù.

Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí, gbogbo ọmọ ló ni ín. Bàbá tó ní ìyàwó mẹ́ta ní ìdí igi mẹ́ta. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó yìí kò ṣeé gbàgbé: Suberu Dawodu fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, wọ́n sì ń jà lórí bóyá orí-ò-jorí ni wọ́n á fi pín ogún ni àbí ìdí igi. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó parí ní 1962, wọ́n ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Kí ni èyí kan ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Kétu? Ó kàn án gbọngbọn! Bí àkọ́bí tó jẹ́ olórí ẹbí bá dá nìkan tà á, àwọn yòókù lè gba kọ́ọ̀tù lọ láti dá a padà. Bí àwọn àbúrò bá pa olórí ẹbí tì tí wọ́n tà á, òfin ní wọn ò tà nǹkan kan rárá. Ojúlówó ìwé ni èyí tí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ogún tí wọ́n gbà ní ilé ẹjọ́ gíga. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá rí, torí òun ló máa ń dé lóṣù Kejìlá pé ta ló wó ilé bàbá òun.

Nípa ti ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin kan lóṣù Kẹjọ ọdún 2016 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá sì fi ipá gba ilé tàbí ilẹ̀ onílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Òfin náà dára, ó sì ti bà wọ́n lẹ́rù díẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà ṣì fi àyè sílẹ̀ fún ìdílé tí kọ́ọ̀tù bá dá láre lórí ilẹ̀ láti wá gba ohun tó jẹ́ tiwọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àwọn ọmọkùnrin tó di igi ewé mọ́ géètì rẹ̀, kó tó pe ọlọ́pàá, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìwé kọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ wọn.

Ó ku àwọn ayálégbé. Ẹni tó ra ilé bàbá ní Kétu ra àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Kétu. Bí àdéhùn kankan kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni òfin yẹn ní kí wọ́n fi sọ ọ́ fún ẹni tó ń san owó ọdún kó tó kó jáde, kọ́ọ̀tù nìkan ló sì lè lé ẹni tó bá kọ̀. Onílé tuntun tó bá ṣí páànù lórí wọn ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n, kó tó san owó tó kù, kó ní kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde, kó sì fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ṣófo.